Akọni tí wọ́n tọ́ fún ìjà láti ọjọ́ ìbí: èwo ni ẹ máa mú fún ọmọ yín, èwo ni ẹ máa wò fúnra yín?

Nígbà ìsinmi gígùn, tí ọwọ́ àwọn ọ̀dọ́ bá dilẹ̀, àríyànjiyàn kan kì í tán ní ṣọ́ọ̀bù àwọn onígbàjámọ̀ ládùúgbò FUTA, ní Àkúrẹ́ níbí: nínú àwọn akọni inú ìtàn tí wọ́n tọ́ láti ọjọ́ ìbí kí wọ́n lè di jagunjagun aláìlẹ́gbẹ́, ta ló lè na ẹnìkejì rẹ̀? Ọ̀kan á ní Cassandra Cain ni. Òmíràn á ní Killua. Ẹni tí wọ́n ń gẹ irun rẹ̀ lọ́wọ́ á yí orí padà láti pariwo pé "Laura ni, ẹ ò mọ nǹkan kan!", onígbàjámọ̀ á sì yára di orí rẹ̀ mú kó má baà gé e létí. N kì í dá sí i. Ìjà tí kò ṣẹlẹ̀ rí kò ní aṣẹ́gun. Ẹni tó ń kọ ìtàn ló ń sọ ẹni tó máa ṣubú.

Ìbéèrè àwọn òbí ni mo máa ń jókòó tì. "Bọ̀dá, ẹ gbà mí o, ọmọ mi ní òun fẹ́ wo eléyìí, ṣé kí n jẹ́ kó wò ó?" Nítorí irú wọn ni mo ṣe kọ èyí, àti nítorí ẹni tó ti dàgbà tó fẹ́ mú ọ̀kan ṣùgbọ́n tí dátà rẹ̀ kò lè gbé gbogbo wọn.

Agbára ìjà kọ́ ni mo fi ń wọ̀n wọ́n. Gbogbo wọn ló mọ ìjà jà, ibẹ̀ ni wọ́n ti dọ́gba. Ohun tí mo ń wò ni ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ọmọ náà kí ọwọ́ rẹ̀ tó le tó bẹ́ẹ̀, kí n sì wò ó bóyá ìtàn náà bá a wá a padà tàbí ó kàn gbé ọmọ náà kalẹ̀ fún wa ká máa pàtẹ́wọ́. Kíkọ́ ọmọ níṣẹ́ láti kékeré kì í ṣe nǹkan àjèjì sí wa. Ọmọ Àyàn kì í tíì mọ ẹsẹ̀ rìn tán tí ọ̀pá ìlù á ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n sọ ọ́ lórúkọ, wọ́n ń kì í, ó ń bá àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ jà nítorí ẹran, ó sì ń tẹ̀lé ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ṣeré. Bí ó bá dàgbà tó ní iṣẹ́ télọ̀ ló wu òun, wọ́n á bínú, wọ́n á pe ìpàdé ẹbí, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Kò sí ọ̀kankan nínú àwọn ọmọ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn yìí tí wọ́n ṣètò ìpàdé ẹbí fún.

Cassandra Cain àti Killua

Àwọn méjì yìí ló jọra jù, àwọn ni mo sì máa pẹ́ lórí wọn jù.

Cassandra Cain jẹ́ ti ilé iṣẹ́ DC ní Amẹ́ríkà. Kelley Puckett àti Damion Scott ló dá a, inú ìwé aláwòrán Batman ló sì ti kọ́kọ́ yọjú ní ọdún 1999. Agbanipa ni David Cain, bàbá rẹ̀. Ohun tí bàbá yìí fẹ́ ni ọmọ tí ìjà máa jẹ́ èdè àbínibí rẹ̀, nítorí náà kò bá a sọ̀rọ̀. Ọmọ náà kò gbọ́ "wá jẹun", kò gbọ́ "pẹ̀lẹ́", kò sí orin tí wọ́n fi rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ìṣesí ara nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀ fún un láti mọ ènìyàn. Kí ẹ tó gbé ẹ̀ṣẹ́ sókè, ó ti rí i ní èjìká yín pé ẹ fẹ́ lu òun, ó sì ti kúrò níbẹ̀. Bàbá rẹ̀ a máa yìnbọn lù ú, ní ibi tí kò ní pa á, kí ìrora má baà jẹ́ nǹkan kan lójú rẹ̀ mọ́.

Ọmọ ọdún 8 ni nígbà tí bàbá rẹ̀ rán an lọ pa ọkùnrin kan. Ó pa á. Àmọ́ ọmọ tí wọ́n kọ́ láti máa ka ara ènìyàn ka ikú ọkùnrin náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Gbogbo ohun tí ẹni yẹn mọ̀ lára bí ẹ̀mí ṣe ń bọ́ ló yé e, ju bí ọ̀rọ̀ ẹnu kankan ṣe lè ṣàlàyé rẹ̀ fún un lọ. Ó sá kúrò lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ láti ọjọ́ yẹn, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kú lójú òun mọ́. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn yìí nìyẹn: kì í ṣe pé àlejò onínúure kan wá wàásù fún un. Ẹ̀kọ́ tí bàbá kọ́ ọ gan-an ló yí padà bá bàbá jà.

Nígbà tó yá, ó di Batgirl, akọni obìnrin tó ń bá Batman ṣiṣẹ́, ó sì ní ìwé tirẹ̀ láti ọdún 2000 títí di 2006. Ìwé pẹlẹbẹ 73 ni wọ́n gbé jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà ni wọ́n ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ìbòjú rẹ̀ bo gbogbo ojú, wọ́n sì ya okùn ìránṣọ sí ẹnu rẹ̀ bíi pé wọ́n rán an pa. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé náà, ẹnìkan tó lágbára láti wọ inú ọpọlọ ènìyàn tún ọpọlọ rẹ̀ tò kó lè gbọ́ ọ̀rọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ọ̀rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n agbára tó fi ń ka ara ènìyàn lọ pátápátá. Ó wá di ọmọ tí ẹ̀ṣẹ́ ń bà. Lady Shiva, tó padà hàn pé òun ni ìyá rẹ̀, ní òun á dá agbára náà padà fún un bí ó bá gbà láti bá òun jà dójú ikú lẹ́yìn ọdún kan. Cassandra gbà, kò tilẹ̀ ronú lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ lọ wo nọ́ńbà 25 kí ẹ lè rí ohun tó fà á tó fi yára gbà bẹ́ẹ̀, n kò ní sọ ọ́ níbí.

Killua Zoldyck ní tirẹ̀ wá láti Japan, láti ọwọ́ Yoshihiro Togashi, ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ìwé aláwòrán Hunter × Hunter ní 1998. Agbanipa ni bàbá rẹ̀, agbanipa ni bàbá bàbá rẹ̀, agbanipa ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Wọn kò tilẹ̀ sá pamọ́: gbogbo ayé ló mọ òkè tí wọ́n ń gbé, bọ́ọ̀sì sì máa ń kó èrò lọ wo géètì wọn. Ilẹ̀kùn 7 ló wà lórí géètì náà. Èyí tó fúyẹ́ jù wọ̀n tó tọ́ọ̀nù 4, èyí tó tẹ̀lé e wọ̀n tó 8, bẹ́ẹ̀ ni ó ń di ìlọ́po méjì títí dé 256. Ẹni tí kò bá lè tì í kò ní wọlé. Killua, ọmọ ọdún 12, ti èyí tó wọ̀n tó tọ́ọ̀nù 16 ṣí nígbà tó ń darí wálé.

Láti kékeré ni wọ́n ti ń fi májèlé sínú oúnjẹ rẹ̀ kó lè mọ́ ọn lára, wọ́n sì ń fi iná mànàmáná gbé e. Ibi tí ilé rẹ̀ ti yàtọ̀ sí ti Cassandra ni pé wọ́n fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ débi pé nígbà tó fi ọ̀bẹ ya ìyá rẹ̀ lójú láti sá kúrò nílé, inú ìyá dùn pé ọmọ òun ti ń dàgbà! Ẹ rò ó wò. Bàbá Cassandra kò sọ̀rọ̀ rárá. Àwọn ará ilé Killua kò yéé sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ni wọ́n sì fi dè é. Illumi, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ti sọ ọ́ sí i létí títí pé kò gbọ́dọ̀ bá ẹni tó ju òun lọ jà, pé irú rẹ̀ kò lè ní ọ̀rẹ́. Ó tún ki abẹ́rẹ́ bọ ọ́ lórí kí ọ̀rọ̀ náà má baà kúrò níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n gbà lọ́wọ́ Killua, Gon, ọmọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ tó bá pàdé lẹ́yìn tó sá kúrò nílé, sì ni ẹni tí ìtàn fi dá a padà fún un. Nígbà tí Killua fúnra rẹ̀ padà fa abẹ́rẹ́ yẹn yọ pẹ̀lú ìka ara rẹ̀, mo dá fóònù dúró, mo mu omi kí n tó tẹ̀ síwájú.

Bí ẹ bá ní kí n mú ọ̀kan: fún àgbàlagbà, Cassandra, fún ọ̀dọ́, Killua. Killua ní ẹ̀fẹ̀, ó fẹ́ràn ṣokoléètì débi pé ó ń náwó lé e lórí, ọ̀dọ́ á sì rí ara rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ níní. Ṣùgbọ́n ó gùn. Ẹ̀dà kàtúùnù tí ilé iṣẹ́ Madhouse ṣe láàrin 2011 àti 2014 jẹ́ ẹ̀písóòdù 148, dátà á sunkún. Ìwé Cassandra, ní tirẹ̀, ní àǹfààní kan tí àwọn ènìyàn kì í rò: nítorí pé akọni náà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ojú ìwé tó pọ̀ ló jẹ́ àwòrán lásán. Ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò tíì dán mọ́rán lè tẹ̀lé e láìbéèrè. Kí ẹ má kàn ṣi fíìmù ọdún 2020 tí Harley Quinn wà nínú rẹ̀ mú: ọmọbìnrin kan ń jẹ́ Cassandra Cain níbẹ̀ o, àmọ́ ọmọ jáwójáwó ni wọ́n sọ ọ́ dà, orúkọ nìkan ló pa wọ́n pọ̀.

Bàbá tó ń yìnbọn lu ọmọ

Mo ní láti dárúkọ Hit-Girl nítorí àwọn ọ̀dọ́ á dárúkọ rẹ̀ fún yín. Ìwé aláwòrán Kick-Ass ti 2008 ló ti jáde, wọ́n sì fi ṣe fíìmù ní 2010. Ọmọ ọdún 11 ni Mindy, bàbá rẹ̀ sì ń tọ́ ọ láti gbẹ̀san. Níbẹ̀rẹ̀ fíìmù, bàbá wọ aṣọ tí ọta ìbọn kò lè gún fún un, ó yìnbọn lù ú láyà, ọmọ ṣubú, ó dìde, ó sì ń ná ọjà áísìkiriìmù pẹ̀lú bàbá rẹ̀ kó tó gbà kó tún yin òmíràn.

Ohun kan náà ni David Cain ń ṣe fún Cassandra. Ìtàn kan ń sunkún lé e lórí, ìkejì ní ká rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín, irọ́ ò dáa. Ṣùgbọ́n ìtàn yẹn kò wá ohunkóhun padà fún Mindy. Ó fẹ́ kí a máa pàtẹ́wọ́ fún ọmọ kékeré tó ń bú èébú tí n kò lè kọ síbí. Ẹ fi í sílẹ̀ fún àwọn tó ti ní àpò tiwọn.

Hanna àti Laura

Fíìmù méjì, ọmọbìnrin méjì, àwọn méjèèjì kékeré, àwọn méjèèjì ń sá fún àwọn tó ṣẹ̀dá wọn.

Hanna jáde ní 2011. Joe Wright ló darí rẹ̀, Saoirse Ronan ló ṣe ọmọ náà. Inú igbó kan ní Finland, níbi tí yìnyín ti bo ilẹ̀, ni bàbá rẹ̀ ti tọ́ ọ. Ó mọ ọfà ta, ó mọ ẹran pa, ó gbọ́ oríṣiríṣi èdè, bàbá sì ti ka ìwé atúmọ̀ ohun gbogbo fún un títí ó fi mọ ohun tí wọ́n kọ nípa orin lórí. Orin gan-an ni kò gbọ́ rí. Ayé ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀, gbogbo ariwo inú ayé.

Ìran kan wà ní ilé ìtura kékeré kan ní Morocco tó tó láti wo fíìmù yẹn fún. Ẹni tó ni ibẹ̀ mú un wọ yàrá, ó ń fi ohun tó wà níbẹ̀ hàn án. Gílóòbù tàn. Ìkòkò oníná bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Fáànù yí. Tẹlifíṣàn là, ènìyàn ń pariwo nínú rẹ̀. Ọmọ tó lè fi ọwọ́ lásán pa sójà ń tẹ bọ́tìnnì kiri pé kí ó dákẹ́, kò dákẹ́, ó sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ọmọ Àkúrẹ́ tó bá ń wò ó á rẹ́rìn-ín: níbí, gbogbo àdúgbò ló ń pariwo "Up NEPA!" bí iná bá dé, Hanna ń bẹ̀ kó lọ. Ìjà pọ̀ nínú fíìmù náà, ó sì dára, àmọ́ bí mo bá gbàgbé gbogbo rẹ̀, n kò ní gbàgbé ìkòkò oníná yẹn. Wọ́n tún fi ṣe eré tẹlifíṣàn alápá mẹ́ta láàrin 2019 àti 2021. Fíìmù ni kí ẹ kọ́kọ́ wò; wákàtí méjì kò pé rẹ̀.

Laura Kinney, tí wọ́n ń pè ní X-23, gba ọ̀nà òdì wọ inú ìwé. Inú kàtúùnù X-Men ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i ní 2003, ọdún tó tẹ̀lé e ni wọ́n tó mú un wọ ìwé aláwòrán. Ẹ̀dà Wolverine ni, akọni X-Men tí irin ń yọ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ gbìyànjú lẹ́ẹ̀mejìlélógún láti fi ohun ara Wolverine ṣe ọmọkùnrin, kò bọ́ sí i. Ẹ̀ẹ̀kẹtàlélógún ni wọ́n fi ṣe ọmọbìnrin, ibẹ̀ ni nọ́ńbà orúkọ rẹ̀ ti wá. Irin méjì ló ń yọ lọ́wọ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan lẹ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n wá ṣe òórùn kan: bí ó bá ti kan imú rẹ̀, yóò pa ẹni tó bá wà níwájú rẹ̀, ó fẹ́ o, ó kọ̀ o. Òórùn yẹn ni wọ́n fi jẹ́ kó pa Sarah Kinney, obìnrin tó lóyún rẹ̀, tó bí i, tó sì sọ ọ́ ní Laura. Wọ́n gba ìfẹ́-inú lọ́wọ́ ọmọ yìí. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn akọni wọ̀nyí, èyí ló burú jù lójú mi, torí pé Cassandra tó pààyàn mọ̀ pé ọwọ́ òun ló ṣe é, ó sì lè sọ pé òun ò ní ṣe é mọ́. Laura kò ní ẹnu tí yóò fi sọ bẹ́ẹ̀.

Fíìmù Logan ti 2017 yọ òórùn yẹn kúrò. Dafne Keen ló ṣe Laura níbẹ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má sọ̀rọ̀ ní ìdajì fíìmù. Ẹ wo ibi tó ti wọ ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́bàá títì, ó wọ awò dúdú tí kò sanwó rẹ̀, ó sì gun ẹṣin oníná àwọn ọmọdé tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó ń mì lórí rẹ̀, ojú rẹ̀ le koko. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ pé eré ni wọ́n ń ṣe lórí nǹkan yẹn, síbẹ̀ ó mọ̀.

Èwo nínú méjèèjì? Hanna fún ọmọ ọdún 13 sókè, pẹ̀lú àgbàlagbà nítòsí. Logan kò sí fún ọmọdé rárá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọdé ló wà nínú rẹ̀: orí ń bọ́, ọwọ́ ń já, wọn ò sì fi ohunkóhun bò ó. Mo mọ ilé kan ní Alágbàká tí wọ́n ti rò pé fíìmù X-Men yòókù ni, wọ́n kó gbogbo ọmọ jókòó, ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò pé tí wọ́n fi ń wá rìmóòtù.

Àwọn ọmọ ọba: Damian àti Paul

Damian Wayne yàtọ̀ sí àwọn tó ṣáájú torí pé òun kò mọ̀ pé wọ́n gba nǹkan kan lọ́wọ́ òun. Ọmọ Batman ni, Talia al Ghul ló bí i, àwọn agbanipa tí bàbá ìyá rẹ̀ jẹ́ olórí wọn ló tọ́ ọ láti jogún ayé. Grant Morrison àti Andy Kubert ló mú un wọlé ní 2006. Ọmọ ọdún 10 ni nígbà tó dé ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀, kò sì kí ẹnikẹ́ni: ó na Robin, ọmọ tó ń ran Batman lọ́wọ́, tó bá nílé, ó gé ọ̀daràn kan lórí, ó sì ń retí kí bàbá yìn ín. Bí Yorùbá bá ń sọ pé ọmọ kan kò ní ẹ̀kọ́ ilé, ẹ̀kọ́ ilé ni Damian ní jù. Ilé gan-an ni kò dáa.

Ohun tó tún un ṣe díẹ̀díẹ̀ ya èmi lẹ́nu: màálù. Ó gba màálù kan sílẹ̀ ní ilé ìpẹran, ó mú un lọ sílé Batman, ó sọ ọ́ ní Bat-Cow, ó sì jáwọ́ nínú ẹran jíjẹ láti ọjọ́ náà. Ọmọ tó ti gé orí ènìyàn kọ̀ láti jẹ sáyà. Àwọn ọmọ tó ń lọ sí ẹ̀kọ́ àfikún tí mo sọ ọ́ fún kò gbà á gbọ́. Ọ̀kan bi mí bóyá ọmọ náà kò jẹ pọ̀nmọ́ náà. Bí ẹ bá ní ọmọ tó gbóná, tó rò pé òun gbọ́n ju gbogbo ènìyàn lọ, Damian ni kí ẹ fún un. Yóò fẹ́ràn rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ fún ohun tí kò dáa, yóò sì fẹ́ràn rẹ̀ níkẹyìn fún ohun tó dáa.

Paul Atreides inú Dune, ìwé Frank Herbert ti 1965, ló da òṣùwọ̀n mi rú. Wọn kò gba nǹkan púpọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá rẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀, ìyá rẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀, àwọn tó ń kọ́ ọ ní idà, Gurney àti Duncan, ṣetán láti kú fún un. Orin wà nílé. Ìwé wà nílé. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin kan ti ń so ìdílé pọ̀ láti ìran dé ìran kí irú rẹ̀ lè wáyé, òótọ́ ni, àmọ́ kò sí ẹni tó fi májèlé sínú oúnjẹ rẹ̀. Síbẹ̀, nínú gbogbo àwọn tí mo kọ síbí, ikú tó tẹ̀lé orúkọ rẹ̀ ló pọ̀ jù: ogun ẹ̀sìn tó bo ayé mọ́lẹ̀. Fíìmù rẹ̀ méjì, ti 2021 àti ti 2024, dára púpọ̀, wọ́n sì gùn ju wákàtí méjì àbọ̀ lọ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìwé náà nípọn. Ẹni tó bá ti ń ka ìwé fún WAEC lè gbé e. Ẹni tó kéré sí i á sùn lé e.

Àwọn àgbà wọn

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àná ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ irú ìtàn yìí. Virgil, akéwì Róòmù tó kú ní ọdún 19 ṣáájú Kristi, sọ ti Camilla nínú Aeneid. Bàbá rẹ̀ ń sá fún ọ̀tá, ó dé etí odò tó kún, ó di ọmọ jòjòló mọ́ ọ̀kọ̀, ó jẹ́jẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún òrìṣà ọdẹ, ó sì ju ọ̀kọ̀ náà sódì kejì. Wàrà ẹṣin ni ó fi tọ́ ọ nínú igbó, bí ó sì ti ń rìn ni ó fi ọ̀kọ̀ kékeré sí i lọ́wọ́. Ojú ogun ló kú sí.

Abhimanyu, nínú Mahabharata ti àwọn ará Íńdíà, kò tilẹ̀ dúró kí wọ́n bí òun. Inú ìyá ló wà tó ti gbọ́ bí wọ́n ṣe ń wọ inú ìtò ogun oníyípo kan. Kò gbọ́ bí wọ́n ṣe ń jáde. Nígbà tó dàgbà, ó wọ inú ìtò náà lóòótọ́, wọ́n sì pa á síbẹ̀. Ọmọ ọdún 9 lè gbọ́ ìtàn yìí lẹ́nu yín ní alẹ́ kan, ẹ kò nílò fóònù.

Èyí tó jẹ́ tiwa

Fíìmù Jagun Jagun ti 2023 ni gbogbo ènìyàn máa ń ju sílẹ̀ bí a bá dé ibí. Ó dára, àmọ́ Gbótìjà ti di géńdé kó tó lọ kọ́ ogun lọ́dọ̀ Ògúndìjí, nítorí náà kò bọ́ sínú ìfiwéra yìí.

Àkàrà-oògùn ló sún mọ́ ọn jù. D. O. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó wa yìí, ló kọ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tó jáde ní 1938. Ọdẹ ni bàbá akọni náà, oògùn sì kún ọwọ́ rẹ̀; àjẹ́ ni ìyá rẹ̀. Kò sí ẹni tó jókòó ṣètò pé kí ọmọ yìí di jagunjagun, inú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kàn bí i sí. Wọ́n gba nǹkan lọ́wọ́ òun náà: ìbọn bàbá rẹ̀ ló pa ìyá rẹ̀, nígbà tí ìyá yí padà di ẹran.

Ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ Cassandra kí ẹ wò ó. Wọ́n dí ẹnu Cassandra kí ọwọ́ rẹ̀ lè le. Àkàrà-oògùn ní tirẹ̀, ẹnu ló fi ń jagun. Nígbà tó pàdé Àgbákò, iwin olójú mẹ́rìndínlógún, ọ̀rọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fi kọlu ara wọn kí wọ́n tó fi ọwọ́ kan ara wọn. Bí ọwọ́ bá kùnà, ọfọ̀ á ṣe é. Mo ti gbìyànjú láti ronú nípa David Cain tó ń kọ́ irú ọmọ yìí, kò ṣeé ṣe. Ọmọ náà ìbá ti fi oríkì ara rẹ̀ dí i létí. Fún ilé tí àwọn ọmọ ti ń gbàgbé Yorùbá, èyí ni mo máa kọ́kọ́ mú, ṣùgbọ́n ẹ má gbé e fún ọmọ pé kó lọ dá kà á. Ẹ ka á sókè fún un. Gbólóhùn Fágúnwà gùn, ẹnu ni wọ́n ń fi jẹ ẹ́, ojú nìkan kò tó o.

Bí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 10: Abhimanyu lẹ́nu yín, kí ẹ sì máa ka Àkàrà-oògùn fún un díẹ̀díẹ̀. Láti 13: Hanna, tàbí Damian fún àwọn tó lè ka ìwé aláwòrán ní Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó ti tó ọdún 16 lè gbé Dune. Logan àti Hit-Girl, àgbàlagbà nìkan.

Cassandra, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti nọ́ńbà 1 ti ọdún 2000, ẹ má ti àárín wọ̀ ọ́. Nọ́ńbà 25 kò ní dùn bí ẹ kò bá mọ ohun tó ti fi ọdún kan gbé lọ́kàn.

Ti Killua ló nílò ìṣọ́ra jù, torí pé ọmọ á rí i pé kàtúùnù ni, ẹ̀yin náà á sì jókòó síbòmíràn. Láti ẹ̀písóòdù 76 ni àwọn kòkòrò tó ń jẹ ènìyàn wọ inú rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì wá pọ̀ ju ti ìṣáájú lọ fíìfíì. Ọmọ ọdún 12 lè wo ẹ̀písóòdù 75 àkọ́kọ́ kó sì gbádùn rẹ̀ dọ́ba. Ẹ jẹ́ kó dúró níbẹ̀ fún bí ọdún méjì. Bí ó bá bínú, tó bá ti pé 13, ẹ fi ti Damian fún un kó máa fi gbé ara rẹ̀.